Ọjọ́ Tí Gíwá Kòjọra Fẹ́ Gorí Àga Káńsù

Ẹ wá ìjókòó, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ Gíwá Kòjọra kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí à ń dúró gbọ́. Ẹni tó bá dúró gbọ́ ọ, ẹ̀rín lè gbé e ṣubú, mi ò sì ní owó ìwòsàn lọ́wọ́.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ọkùnrin náà fi ṣiṣẹ́ báǹkì. Orí kàǹtà ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ń gòkè díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di gíwá. Ìyá rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ tó dára, ṣùgbọ́n orúkọ yẹn ti wọmi tipẹ́. Kòjọra ni tọmọdé tàgbà ń pè é, ẹnu ara rẹ̀ ló sì fi sọ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Bí ẹnikẹ́ni bá wá gbowó, Gíwá á ní kí wọ́n gbé káàdì onítọ̀hún wá, èyí tó buwọ́ lù lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé báǹkì. Á gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀. Á mú káàdì lọ́wọ́ òsì, á mú fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀tún. Á wo tìhín, á wo tọ̀hún, á mí kanlẹ̀ bí adájọ́ tó fẹ́ dá ẹjọ́ ikú. Ìgbà náà ni yóò wá pariwo tí àwọn tó wà lójú títì á gbọ́: "Kò jọra!"

Kò jọra, ó parí nìyẹn. Arúgbó tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, kò jọra. Ìyá ọlọ́mọ tó pọnmọ wá, tí ọmọ fa bírò mọ́ ọn lọ́wọ́, kò jọra, kó lọ gbé ọmọ sílé kó tún padà wá lọ́la.

Lọ́jọ́ kan, Káfíńtà sáré wá gba owó tí yóò fi gbé aya rẹ̀ tó ń rọbí lọ sílé ìwòsàn. Ìdààmú ò jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀. Gíwá wo ìwé, ó ní kò jọra.

Káfíńtà ní, "Gíwá, èmi mà ni. Ṣé ẹ ò mọ̀ mí ni? Èmi ni mo kan tábìlì tí ẹ gbọ́wọ́ lé yẹn."

Gíwá ò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Ojú kọ́ là ń wò níbí. Ìwé là ń wò."

Ìyá Agbẹ̀bí, tó ń mójú tó ilé ìgbẹ̀bí káńsù láàárín ìgboro, ló gbẹ̀bí obìnrin náà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn láìgba ohunkóhun. Káfíńtà ò gbàgbé. Ẹ̀yin náà, ẹ má gbàgbé.

Ó dáa, ẹni tó ń yẹ ọwọ́ ọmọ aráyé wò kiri, ọwọ́ tirẹ̀ ńkọ́? Ọwọ́ tirẹ̀ kì í dúró sójú kan! Nígbà tó wà lórí kàǹtà, lẹ́tà méjì péré ló ń kọ. Nígbà tó di igbákejì gíwá, ó fi ìrù sí i. Nígbà tó di gíwá pátápátá, ó fi òrùka kan dé e lórí bíi fìlà, ó tún fi àmì méjì sísàlẹ̀ rẹ̀. Bí ipò bá ṣe ń ga ni ìbuwọ́lùwé ń sanra. Ìgbàkígbà tó bá sì yí i padà, òun fúnra rẹ̀ ló ń pààrọ̀ káàdì ara rẹ̀. Ta ni yóò sọ fún gíwá pé kò jọra?

Kòjọra, ọkọ bírò! Abuwọ́lùwé-bí-ẹni-ń-fa-ewúrẹ́-lókùn! Ọ̀gá tí ọwọ́ rẹ̀ ń sanra ju ikùn rẹ̀ lọ!

Nígbà tí báǹkì ní kó máa lọ sinmi nílé, wọ́n fún un ní bírò wúrà kan, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn rẹ̀. Kò pé oṣù kan tí ọwọ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Kò sí ìwé láti fọwọ́ sí mọ́. Ó buwọ́ lu ìwé ìròyìn. Ó buwọ́ lu eruku tó wà lára mọ́tò. Ó buwọ́ lu páálí ọṣẹ ìfọṣọ.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá wọn, ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọ-ọmọ yín lẹ buwọ́ lù yìí. Ojú ibi tó ti fẹ́ ṣe ìṣirò ni. Tíṣà á bá a wí."

Gíwá ní, "Tíṣà ọ̀hún á mọ̀ pé inú ilé àṣẹ lọmọ ti jáde wá." Ó wo bírò. "Ìyá wọn, ta ló ń buwọ́ lùwé jù nílùú yìí?"

"Àbí ta ni? Alága káńsù ni."

Báyìí ni ọ̀rọ̀ òṣèlú ṣe wọ ilé Gíwá o, láti ara ọwọ́ tó ń yún un.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ọwọ́ yíyún nìkan ni. Ojú náà ń yún un. Ojú rẹ̀ ti wà lára ilẹ̀ ilé ìgbẹ̀bí láti ọjọ́ pípẹ́, ilẹ̀ tó tẹ́jú, tó dojú kọ títì. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó la ọ̀rọ̀ náà yé ìyàwó rẹ̀.

"Ní báǹkì, ẹ̀ka tí kò bá mú èrè wá, títì là ń tì í. Ilé ìgbẹ̀bí yẹn, kí ni èrè rẹ̀? Ariwo ọmọ. Ogún ṣọ́ọ̀bù ló máa gba ibẹ̀. Mẹ́wàá á jẹ́ ti káńsù."

"Mẹ́wàá tó kù ńkọ́?"

Gíwá wúkọ́. "Ṣé mo bi ọ́ bẹ́ẹ̀?"

"Bàbá wọn, ibẹ̀ ni mo bí ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí o."

"Ṣé o ò ti bímọ tán ni? Kí la tún fẹ́ fi ibẹ̀ ṣe?"

Ẹ gbọ́ ọ bí? Mi ò fi ẹnu mi kún un o. Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ lára ògiri. Kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ tó fi dé etí Ìyá Agbẹ̀bí. Obìnrin tí kò bá ẹnikẹ́ni du nǹkan kan rí láyé rẹ̀ fọ ọwọ́, ó bọ́ aṣọ iṣẹ́, ó lọ gba fọ́ọ̀mù. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì máa ń gbọ̀n. Ọwọ́ náà kì í gbọ̀n bó bá di ọ̀rọ̀ ọmọ o. Bírò ni wọ́n jọ ń ṣọ̀tá. Gíwá mọ̀ ọ́n dáadáa, torí lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo, ẹ̀ẹ̀mẹta ló dá obìnrin náà padà ní báǹkì.

Nígbà tí Gíwá rí i pé òun àti ìyá náà nìkan ló gba fọ́ọ̀mù, inú rẹ̀ dùn. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lé awò ara rẹ̀.

Akọ̀wé káńsù ló ń bójú tó ètò ìbò. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tí kì í sọ̀rọ̀ pọ̀, gbogbo ìwé ló sì ń kà lẹ́ẹ̀mejì kó tó dáhùn. Lọ́jọ́ tó pe àwọn olùdíje méjèèjì láti wá buwọ́ lu fọ́ọ̀mù, Gíwá dìde, ó tún tàì ṣe, ó na ìwé kan sí i.

"Akọ̀wé, èrú pọ̀ nínú ìbò. Mo ti gbé òfin kan wá. Òfin Ìjọra ni mo sọ ọ́."

Akọ̀wé kà á. Ó tún un kà. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé lọ́jọ́ ìbúra, ẹni tó bá wọlé gbọ́dọ̀ tún buwọ́ lùwé lójú gbogbo ìlú. Bí kò bá jọ ti inú fọ́ọ̀mù, yóò tún un ṣe. Bó bá di ẹ̀ẹ̀mẹta tí kò jọra, ipò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn, ó di ti ẹnìkejì. Ẹni tó bá sì béèrè láti wo èyí tó kọ tẹ́lẹ̀, ìwà olè ló hù.

"Ṣé ó dá yín lójú, Gíwá?"

"Ó dá mi lójú ju orúkọ tí mò ń jẹ́ lọ." Akọ̀wé bá lu òǹtẹ̀ lé e.

Èrò Gíwá ni pé bí òun bá wọlé, òun wọlé. Bí ìyá yìí bá sì wọlé, ọwọ́ gbígbọ̀n yẹn ni yóò tì í ṣubú. Àwọn àgbà ní bí a bá ń gbẹ́ kòtò ìkà, ká má gbẹ́ ẹ jìn. Gíwá gbẹ́ tirẹ̀ jìn, ó gbé àkàbà sí i, ó tún fi bírò wúrà kọ orúkọ ara rẹ̀ sẹ́nu kòtò.

Ìyá Agbẹ̀bí ò jiyàn. Ó kàn bi Akọ̀wé léèrè pé, "Ọmọ mi, ṣé ìtẹ̀ka wà nínú òfin?"

"Ó wà níbẹ̀, Màmá. Ó pẹ́ tó ti wà."

"Gbé tàdáà wá."

Ó ti àtàǹpàkò bọ tàdáà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ fọ́ọ̀mù, ó nu ọwọ́ rẹ̀ nù.

Gíwá bú sẹ́rìn-ín. "Ìtẹ̀ka! Ẹ̀yin tí ẹ kàwé, Màmá! Ṣé ojú ò tì yín ni? Àwọn tí kò mọ̀wé ni wọ́n ń tẹ̀ka." Ó fa bírò yọ, ó fi ìrù, òrùka àti àmì méjì buwọ́ lu tirẹ̀. Akọ̀wé kó fọ́ọ̀mù méjèèjì sínú àpò ìwé, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pa.

Ẹ máa bi mí pé báwo lẹni tí ìlú kórìíra ṣe wọlé ìbò. Òjò ni. Gíwá ti pín agboòrùn, ọ̀kẹ́ àìmọye, tí àwòrán rẹ̀ wà lórí wọn. Bí wọ́n bá ṣí i, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ á fẹ̀ bí ẹni tó jẹun yó. Lọ́jọ́ ìbò, òjò rọ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Àwọn tó gba agboòrùn jáde. Àwọn tí kò gbà á jókòó sílé. Ìbò mọ́kànlá péré ni Gíwá fi ju Ìyá Agbẹ̀bí lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó wọlé ti wọlé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló wà láàárín ìbò àti ìbúra. Ẹlòmíràn á fi ka ìwé òfin káńsù. Gíwá fi wá ìbuwọ́lùwé tuntun.

"Alága kì í fi ọwọ́ gíwá buwọ́ lùwé," ló ń wí. Àárọ̀, ọ̀sán, ìrọ̀lẹ́, ó jókòó sídìí tábìlì ìjẹun, ó ń kọ, ó ń ya á dànù. Nígbà tó máa fi parí, ìrù ti di mẹ́ta, òrùka ti di mẹ́rin, ó ń yí po, ó ń lọ́ wérewère, ó tún padà wá fa ìlà gbọọrọ kan sábẹ́ gbogbo rẹ̀. Bó bá ń kọ ọ́, ahọ́n rẹ̀ á yọ síta. Ìyàwó rẹ̀ ò mọ ibi tí yóò gbé oúnjẹ kà mọ́.

"Bàbá wọn, ṣé èyí lẹ kọ sínú fọ́ọ̀mù?"

"Rárá o. Ti gíwá ni mo kọ síbẹ̀."

"Òfin tí ẹ ṣe yẹn ńkọ́?"

Gíwá gbójú sókè, ó wò ó tìyanu-tìyanu. "Ìyá Agbẹ̀bí mà ni mo ṣe òfin yẹn fún."

Ẹ ò rí nǹkan? Òfin tí èèyàn bá ṣe de ẹlòmíràn, kì í gbé e délé ara rẹ̀. Obìnrin náà palẹ̀ àwo mọ́, ó bá tirẹ̀ lọ. Gíwá ní kí wọ́n lọ fi ìbuwọ́lùwé tuntun náà tẹ kálẹ́ńdà ẹgbẹ̀rún kan, kí wọ́n fi àwọ̀ wúrà tẹ̀ ẹ́ gàdàgbà sábẹ́ àwòrán òun, kí ẹ̀yìn rẹ̀ sì mọ́ tónítóní, torí ohun ọlá kì í ní ìdọ̀tí.

Ọjọ́ ìbúra pé. Gbọ̀ngàn káńsù kún dé ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó bá ń wọlé, wọ́n á fún un ní kálẹ́ńdà kan. Káfíńtà gba tirẹ̀, ó lọ dúró lẹ́yìn. Ìyàwó Gíwá jókòó níwájú pátápátá, ó ń wo bàtà rẹ̀. Ìyá Agbẹ̀bí jókòó légbẹ̀ẹ́ pèpéle. Ó ti kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú báàgì kékeré kan, torí Gíwá ti ní kó kó o kúrò kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Àwọn aboyún méjì tó tẹ̀ lé e wá ń dì mọ́ báàgì náà. Inú wọn ò dùn, ojú wọn sì fi hàn. Ibi tó kù tí wọ́n ti lè bímọ, ìrìn àjò odidi wákàtí méjì ni.

Akọ̀wé mú máíkì. "Kí alága tuntun tó búra, a ó tẹ̀ lé Òfin Ìjọra."

Gíwá dìde. Ó fa apá kóòtù sókè, ó fa bírò wúrà yọ, ó yí sí àwọn èèyàn.

"Ẹ wò ó dáadáa o. Ẹ lè rí ohun tí ẹ máa ròyìn fún àwọn ọmọ yín."

Ó bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ lọ, ọwọ́ bọ̀. Ó yí, ó lọ́, ó pọ́nkè, ó sọ̀kalẹ̀. Bàbá kan ti tún ìdí jókòó lẹ́ẹ̀mejì kí Gíwá tó fa ìlà ìsàlẹ̀. Àwọn kan pàtẹ́wọ́.

Akọ̀wé ya àpò ìwé, ó mú fọ́ọ̀mù jáde. Ó gbé awò rẹ̀ wọ̀. Ó mú ti àtijọ́ lọ́wọ́ òsì, ó mú ti ìsinsìnyí lọ́wọ́ ọ̀tún. Ó wo tìhín, ó wo tọ̀hún. Ó tún un wò. Ó mí kanlẹ̀. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n máíkì gbé e dé gbogbo igun.

"Kò jọra."

Gíwá rẹ́rìn-ín. "Kí ni kò jọra?"

"Ìbuwọ́lùwé yín, sà. Ti inú fọ́ọ̀mù ní ìrù kan, òrùka kan, àmì méjì. Èyí… mi ò tíì kà á tán."

"Akọ̀wé, èmi mà ni. Ṣé ẹ ò mọ̀ mí ni?"

Láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, ohùn kan dún bí òòlù: "Ojú kọ́ là ń wò níbí! Ìwé là ń wò!"

Káfíńtà ni. Ẹ̀rín bú. Ẹnì kan na kálẹ́ńdà sókè, ó ní, "Ó jọ ti kálẹ́ńdà o!" Ẹlòmíràn dáhùn, "Ta ló wá buwọ́ lu fọ́ọ̀mù? Àbí ayédèrú Gíwá la dìbò fún?" Kálẹ́ńdà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè káàkiri, ẹgbẹ̀rún Gíwá ń wo Gíwá kan.

"Ẹ mú ìwé wá!" ló pariwo. "Mo máa kọ ti àtijọ́."

Ó bẹ̀rẹ̀. Ìrù kan jáde, ó dáa. Ó yí òrùka, ó dáa. Ó fẹ́ gbé bírò sókè, bírò kọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló ti fi kọ́ ọwọ́ yẹn ní ìwà tuntun, ọwọ́ ò mọ ọ̀nà ilé mọ́. Ó fa òrùka kejì, ó fa ẹ̀kẹta, kó tó rántí pé kó dúró.

Akọ̀wé wo tìhín, ó wo tọ̀hún. Kò tíì lanu tí àwọn èèyàn fi bá a sọ ọ́: "Kò jọra!"

Gíwá sún mọ́ Akọ̀wé, ó fohùn sílẹ̀, ṣùgbọ́n máíkì ò mọ àṣírí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n kàn fojú bà á. Ìṣẹ́jú kan."

Akọ̀wé mú ìwé òfin, ó kà á sókè: "Ẹni tó bá béèrè láti wo èyí tó kọ tẹ́lẹ̀, ìwà olè ló hù."

"Ta ló kọ ọ́?" ni Káfíńtà bi í.

"Gíwá ni."

Gíwá wo iwájú, ó wá ojú ìyàwó rẹ̀. "Ìyá wọn, báwo ni mo ṣe máa ń ṣe é?"

Obìnrin náà ò gbé ojú kúrò lára bàtà. "Mo bi yín nílé, Bàbá wọn."

Ẹ̀rù wá bà á gidi. Àga tó ti rí ara rẹ̀ lórí rẹ̀ wà níbẹ̀, ìgbésẹ̀ méjì péré, kò sì lè dé ibẹ̀. Ó tẹrí ba, ó kọ ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Nígbà tó gbọ́wọ́ kúrò, lẹ́tà méjì ló wà lórí ìwé, kékeré, ganrangan. Ìbuwọ́lùwé orí kàǹtà ni, ti ọdún kìíní tó wọ báǹkì, nígbà tí kò tíì lé ẹnikẹ́ni padà rí.

Wọn ò dúró de Akọ̀wé mọ́. "KÒ JỌRA!" Àjà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí. Àwọn tó wà lójú títì náà gbọ́.

Akọ̀wé pe Ìyá Agbẹ̀bí. Ó gun pèpéle jẹ́jẹ́, ó ti ìka bọ tàdáà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé. Akọ̀wé wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Àtàǹpàkò ò kúkú kàwé, kì í gba ipò, kì í pààrọ̀ ara rẹ̀.

"Ó jọra," ló wí.

Àwọn aboyún méjèèjì dìde lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan ń sunkún, èkejì ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n tú báàgì irinṣẹ́ síbẹ̀, wọ́n ní kò síbì kan tí ó ń lọ mọ́.

Ó wá ku ìwé kan. Gíwá gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé òun gba ìdájọ́. Ó nawọ́ mú bírò wúrà.

Akọ̀wé ní, "Èwo lẹ fẹ́ kọ, sà? Ti kàǹtà ni, ti gíwá ni, àbí ti alága?"

Ọwọ́ Gíwá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ojú tì í débi pé kò lè rí ìlà tó wà lórí ìwé. Ìyá Agbẹ̀bí sún tàdáà sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọwọ́ ìyá náà ò gbọ̀n rárá.

"Mú ìka wá, ọmọ mi. Ọmọ rẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọwọ́ yìí ló gbà wọ́n. Mi ò ní kí o buwọ́ lùwé kí n tó gbà wọ́n."

Ó tẹ̀ ẹ́ fún un bí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ fún ọmọ tuntun. Àtàǹpàkò Gíwá dúdú bíi ti àwọn tó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọṣẹ ìfọṣọ ò bọ́ ọ, kẹrosíìnì ò bọ́ ọ, ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kó tó ṣá.

Ọjọ́ kejì, alága tuntun rán Káfíńtà lọ sí gbọ̀ngàn, kó lọ ṣa gbogbo kálẹ́ńdà tí àwọn èèyàn jù sílẹ̀ wá. Ìwé ti wọ́n nílé ìgbẹ̀bí, ẹ̀yìn kálẹ́ńdà sì mọ́ tónítóní. Wọ́n gé wọn sí wẹ́wẹ́. Títí di òní, ọmọ tí wọ́n bá bí níbẹ̀, ẹ̀yìn ìwé yẹn ni wọ́n ń kọ ọjọ́ ìbí àti ìwọ̀n rẹ̀ sí. Bí ìyá ọmọ bá yí i padà, yóò rí òrùka wúrà kan níbẹ̀, tàbí ìrù kan.

Gíwá ṣáà ti fẹ́ kí ìbuwọ́lùwé òun wà lára ìwé káńsù. Ó ti wà níbẹ̀.